Àkísà Pupa Lára Àlùmọ́gàjí

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá aránṣọ ni wọ́n jí àlùmọ́gàjí rẹ̀ gbé. Maṣíìnì tuntun wà níbẹ̀, aṣọ olówó ńlá wà níbẹ̀. Olè ò fọwọ́ kàn wọ́n. Àgádágodo ṣọ́ọ̀bù ò já.

Obìnrin tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́, tó bá ìyá ṣiṣẹ́ títí ìyá fi kú, nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Àkọ́bí ìyá ní kí wọ́n tì í mọ́lé.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ bá a ní àtìmọ́lé. Abẹ́rẹ́ ní àlùmọ́gàjí náà ti gbó, ó wúwo, àkísà pupa sì ni ìyá wé mọ́ ibi tí wọ́n ń ki ìka bọ̀ lára rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí oríkèé ìka ń dùn ún.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yẹ fèrèsé ẹ̀yìn wò. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ha ìkọ́ rẹ̀ láti ìta. Abẹ́rẹ́ ní yàtọ̀ sí òun, àwọn ọmọ ìyá nìkan ló mọ̀ pé ìkọ́ yẹn kì í mú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà sá lọ ṣeré ní kékeré.

Ọmọ méjì ni ìyá bí: àkọ́bí yìí, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tóun náà ń ránṣọ. Láti ọdún mẹ́ta tí àbúrò ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ni òun àti ìyá ti ń bínú síra wọn. Kò wọlé ìyá mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti búra pé fọ́nrán òwú kan ò ní kàn án nínú ẹrù ìyá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ pe gbogbo wọn jọ. Ó kó àlùmọ́gàjí tuntun sórí tábìlì, ó fi ògbólógbòó kan tì wọ́n, èyí tó ní kí Abẹ́rẹ́ wé àkísà mọ́ bíi ti ìyá. Ó ní kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gé aṣọ fún òun.

Àkọ́bí mú èyí tó ń dán jù, ó gé aṣọ bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ò tiẹ̀ wo tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí àwọn tuntun, ó mú alákìísà. Àtàǹpàkò rẹ̀ lọ tààrà síbi kókó àkísà.

"Kí ló dé tó jẹ́ èyí tó gbó lẹ mú?" ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bi í.

"Òun ló mọ́ mi lọ́wọ́ jù, ọ̀gá."

"Láti ìgbà wo? Ẹ ti kúrò nílé kí ìyá yín tó wé àkísà."

Àbúrò ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé àlùmọ́gàjí ìyá jáde. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀bẹ lòun fi gbé ìkọ́ fèrèsé.

"Mo ń retí kí ìyá kọ́kọ́ pè mí. Òun náà ń retí mi. Àkísà yìí ti tẹ̀ níbi tí ìka rẹ̀ máa ń wà. Tí mo bá ki tèmi bọ ibẹ̀, ó ń dà bíi pé ó dì mí lọ́wọ́ mú."

"Èmi ni mo sùn sí àtìmọ́lé nítorí rẹ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "O gbọ́, o dákẹ́."

"Mo gbọ́, àǹtí. Mi ò lè gbé e sílẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọjú sí ògiri.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ṣí ìka àbúrò kó tó rí àlùmọ́gàjí gbà. Ọwọ́ ṣófo, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì tẹ̀, ó ń rá pálá, ó ń wá kókó àkísà.