Ibi Tí Orí Ọ̀pá Àṣẹ Kọjú Sí

Bàbá Ọ̀pá, ọkùnrin tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ àwọn aṣòfin, ló ṣí gbọ̀ngàn fún obìnrin tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn. Obìnrin náà kò tíì gbá ibì kankan tó fi figbe ta. Olórí Ilé ló nà gbalaja níwájú tábìlì ńlá, tí wọ́n ti fọ́ ọ lórí láti ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ilé Aṣòfin Fìdíhẹ ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Nígbà tí ààrẹ tó fi ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo jọba lé ìlú lórí fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, wọ́n ṣa àwọn èèyàn jọ pé kí wọ́n kọ òfin tuntun, kí wọ́n sì palẹ̀ mọ́ kúrò níbẹ̀ kí àwọn tí ìlú máa dìbò yàn lè wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí òfin náà, kí wọ́n sì tú ká. Ó dun èèyàn pé ọkùnrin tó kó wọn dé ẹnu ọ̀nà kò bá wọn wọlé.

Ìsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá kì í pariwo. Má-Kánjú ni àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí ohun tó máa ń sọ fún ẹni tó bá ń yára purọ́ nìyẹn. Ó gbọn òjò dànù lára agboòrùn gígùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ọ̀pá àṣẹ wà lórí ìkọ́ méjì tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ tábìlì náà, àyè rẹ̀ nígbà tí ilé ò bá jókòó. Wọ́n ti nù ún dáadáa, àfi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó há sínú ọnà ara orí rẹ̀. Orí náà kọjú sí àga ńlá tí ààrẹ àná máa ń jókòó sí, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí mọ́.

Sájẹ́ǹtì gbé ìbọ̀wọ́ funfun kan wá láti inú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ ti kùn ún.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìbọ̀wọ́ tí Bàbá Ọ̀pá fi ń gbé ọ̀pá àṣẹ nìyí. Òun náà ló ti ilẹ̀kùn lálẹ́ àná. Ọ̀gá àgbà sì ti pè, wọ́n ní kí a mú ẹnì kan kí ilé tó jókòó lọ́sàn-án, kí ìlú má baà gbóná."

"Bí a bá mú bàbá yẹn, ìlú á tutù lóòótọ́," ni Má-Kánjú wí. "Ṣùgbọ́n wọ́n á so ó kọ́. Bí kì í bá wá ṣe òun ńkọ́?"

Yàrá ìpàdé kékeré kan ni wọ́n fún un. Òrùlé rẹ̀ ń jò, wọ́n sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí igun kan láti gba omi. Bàbá Ọ̀pá ló kọ́kọ́ wọlé, arúgbó gíga.

"Bàbá, ẹ má kánjú. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn?"

"Èmi, Ìyá Igbákejì àti Akọ̀wé Ilé. Àwa mẹ́ta náà nìyẹn. Olórí Ilé fúnra wọn kò ní."

"Ìbọ̀wọ́ yín ńkọ́?"

"Ara ìṣó ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń gbé e kọ́. Ẹni tó bá wọlé á rí i."

"Wọ́n ní ẹ bá olóògbé ṣe gbólóhùn asọ̀ lánàá."

Arúgbó náà nu ojú. "Mo bi wọ́n pé bí ilé bá tú ká, kí ni kí èmi máa gbé? Ìgbà tí irun mi dúdú ni mo ti ń gbé ọ̀pá yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ máa gbé ọmọ ọmọ mi. Ọ̀gá ọlọ́pàá, ta ló ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Má-Kánjú gbé agboòrùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká sọ pé èyí ni ọ̀pá, ibi tí mo máa ń dì í mú yìí sì ni orí rẹ̀. Àga ààrẹ wà níbi fèrèsé yẹn, ìjókòó àwọn ará ìlú tó wá wòran sì wà níbi ilẹ̀kùn. Ilé ò jókòó. Ẹ bá mi gbé e sí àyè rẹ̀."

Bàbá Ọ̀pá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, orí rẹ̀ sí ìhà ilẹ̀kùn. Má-Kánjú dúpẹ́, ó ní kí ó lọ jókòó síta.

Ìyá Igbákejì, igbákejì Olórí Ilé, kò dúró kí wọ́n fún òun ní àga. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ó fẹ́ kí ilé náà pẹ́ sí i.

"Mo bá a jà, n kò fi pa mọ́," ló wí. "Mo ní òfin yẹn kò tíì jinná. Ṣùgbọ́n ẹnu ni mo fi ń jà, ẹnu sì tó mi."

Nígbà tí wọ́n fún un ní agboòrùn, ó pòṣé, ó gbé e sílẹ̀, orí rẹ̀ sí ìhà ilẹ̀kùn.

"Ilẹ̀kùn ni báyìí, àbí? Ọ̀dọ̀ ààrẹ ló máa ń kọjú sí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Àná ni Olórí Ilé ní kí wọ́n yí i padà, pé àwọn ará ìlú ló ni àṣẹ. Mo ta kò ó, wọ́n dìbò, mo fìdí rẹmi. Ó wá ní kí Bàbá Ọ̀pá máa gbé e sílẹ̀ kí ó tún máa gbé e sókè, títí ó fi mọ́ ọn lára. Gbogbo wa la wà níbẹ̀ tí à ń wò ó."

"Akọ̀wé Ilé náà?"

Ó ronú díẹ̀. "Rárá o. Ilé ìwòsàn ló wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọ́fíìsì rẹ̀ ló dúró fún un."

Akọ̀wé Ilé wọlé jẹ́ẹ́. Ọkùnrin tín-ín-rín ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n oorun ti kún ojú rẹ̀.

"N kò dé ilé yìí rárá lánàá," ló wí. "Láti ilé ìwòsàn, ilé mi ni mo gbà lọ. Ara ìyàwó mi kò yá. Wọ́ọ̀dù àwọn aṣòfin àti òṣìṣẹ́ wọn ló wà, ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró wà."

"Bí ilé bá tú ká ńkọ́?"

"Wọ́n á ní kí a palẹ̀ mọ́."

Má-Kánjú fún un ní agboòrùn, ó tún àlàyé kan náà ṣe. Akọ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba díẹ̀ bíi pé ọ̀pá gan-an ni, ó sì rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀, orí rẹ̀ sí ìhà fèrèsé. Má-Kánjú wo ibi tí orí náà kọjú sí. Lẹ́yìn náà ó ní kí Sájẹ́ǹtì pe àwọn méjì tó kù wọlé.

"Àjèjì ì bá ju ọ̀pá sílẹ̀, kí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀," ló wí. "Ẹni tó pa Olórí Ilé nù ún, ó sì gbé e sí àyè rẹ̀. Ará ilé ni, ọwọ́ rẹ̀ kò lè fi ọ̀pá àṣẹ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ orí rẹ̀ sí àga ààrẹ. Ará ilé tí kò sí níbí lánàá ni, tí kò mọ̀ pé wọ́n ti yí i padà. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ní kọ́kọ́rọ́, àwọn méjì sì ti gbé agboòrùn mi sí ìhà ilẹ̀kùn."

Akọ̀wé wo agboòrùn náà. Ó jókòó.

"Mo lọ bẹ Olórí Ilé lálẹ́ àná ni," ló wí. "Wọ́n ní kí n ṣí gbọ̀ngàn fún àwọn. Wọ́n gbé ọ̀pá sórí tábìlì, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ lónìí dánra wò. Mo ní kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, kí àwọn dókítà lè parí ìtọ́jú ìyàwó mi. Wọ́n ní ó dun àwọn, ṣùgbọ́n ìlú ti dúró tó. Wọ́n wá kẹ́yìn sí mi, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ." Ó bojú. "Bí mo ṣe gbé e padà, n kò tilẹ̀ rò ó."

"Ìbọ̀wọ́ mi lo fi nù ún," ni Bàbá Ọ̀pá wí, láìgbóhùn sókè. "Ìwọ tí mo kọ́ ní ìlànà ilé yìí."

Lọ́sàn-án, Ìyá Igbákejì jókòó sórí àga olóògbé. Wọ́n fọwọ́ sí òfin náà, wọ́n sì tú ká. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Má-Kánjú lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kò fẹ́ kí ìyàwó Akọ̀wé gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ká aṣọ àwọn bẹ́ẹ̀dì kan ní wọ́ọ̀dù náà. Obìnrin náà rù hangogo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ilé Aṣòfin ni wọ́n ti rán yín wá," ló wí. "Ṣé ọkọ mi bá Olórí Ilé sọ ọ́?"

"Kí ni, mà?"

"Mo ní kí ó bá mi bẹ̀ wọ́n, torí abẹ́ wọn ni wọ́ọ̀dù yìí wà, kí wọ́n sọ fún àwọn dókítà pé kí wọ́n yọ ẹ̀rọ yìí, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé. Ó ti rẹ̀ mí. Orí bẹ́ẹ̀dì ara mi ni mo fẹ́ kú sí. Ó ṣèlérí fún mi láàárọ̀ àná pé òun á sọ ọ́."

Má-Kánjú sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agboòrùn rẹ̀ ń kán tó tó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ má kánjú, mà," ló wí.

"Èmi kọ́ ni mo ń kánjú," ni obìnrin náà dáhùn. "Ọkọ mi ni, tó ń sáré kiri kí n má baà kú."

Má-Kánjú fa àga kan, ó jókòó tì í.