Àmì Tó Wà Lábẹ́ Àtẹ̀gùn Odò

Ìyá tó ń gbá àtẹ̀gùn odò ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní òun fara ti ìgbálẹ̀ òun láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú òun ló sì ṣe.

Ọmọbìnrin afinimọ̀nà ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè, ó ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn ní àdúgbò àtijọ́ náà: afinimọ̀nà kì í kọ ẹ̀yìn sí àlejò. Ojú rẹ̀ wà lára èèyàn méjìlá tó ń tẹ̀ lé e, ó gbé agboòrùn pupa sókè kí wọ́n má baà ṣìnà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì náà bí ahọ́n ṣe mọ eyín. Ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ ni pé bíríkìlà kan ti tú àtẹ̀gùn kẹsàn-án láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti da símẹ́ńtì tútù síbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rì dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan tó kúnlẹ̀ nítòsí gbójú sókè. Eruku òkúta ti sọ irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀ di funfun, àfi bí ẹni tó darúgbó láàárín wákàtí mẹ́ta. Kò pariwo. Ó di ẹsẹ̀ náà mú jẹ́jẹ́, ó yọ ọ́, ó bu omi sí i, ó fọ̀ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ọmọbìnrin náà sọ. "Mi ò rí i."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i? Ìpàkọ́ yín ò lójú."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé ibi tó bá ìtàn dé. Láti ọdún mẹ́fà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó rí i kó gbàgbé ọ̀rọ̀ rí. Ọkùnrin náà fi irin pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ símẹ́ńtì padà, ipa ẹsẹ̀ sì pa rẹ́.

Bàbá ọmọbìnrin yìí ló kọ́ ọ ní ìtàn tó ń sọ. Bàbá náà ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣamọ̀nà àlejò kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Bàbá Onítàn ni wọ́n ń pè é. Ìtàn rẹ̀ ni pé ọkùnrin kan wà láyé ijọ́un tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Obìnrin náà fẹ́ràn odò, ṣùgbọ́n òkè náà ga ju agbára rẹ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan gbẹ́ òkúta, ó to àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì láti ẹnu ilẹ̀kùn wọn dé etí omi, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ rí odò. Kò sí ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ tí ẹnì kan kì í nu ojú.

Àjèjì ni bíríkìlà jẹ́ ní ìlú náà. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àdúgbò àtijọ́ ló ní kó wá tún àtẹ̀gùn ṣe.

"Ọ̀gá òkúta," ọmọbìnrin náà sọ fún un lọ́jọ́ kan, "ẹ ti fi oṣù kan wo ilẹ̀. Ṣé ẹ ti wòkè rí?"

"Ta ló máa fi hàn mí? Àwọn afinimọ̀nà ibí yìí ń já sínú kòtò."

Bó ṣe di pé wọ́n ń jáde ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè nìyẹn. Ó fi ilé-ìṣọ́ aago hàn án, èyí tí ọwọ́ aago rẹ̀ ku ẹyọ kan. Ó mú un lọ síbi kànga àárín gbàgede, níbi tí okùn àwọn apọnmi àtijọ́ ti jẹ òkúta ẹnu rẹ̀ títí ó fi dà bí eyín ìyarun. Wọ́n gba abẹ́ ẹnubodè tí kò nílẹ̀kùn mọ́ kọjá, wọ́n sì dé ọ̀nà tóóró kan tí èèyàn méjì kò lè gbà pàdé àfi kí ọ̀kan fẹ̀gbẹ́ rìn. Ọmọbìnrin náà yí padà, wọ́n sì pàdé níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ̀gbẹ́ nínú wọn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó kọjá.

Níbi gbogbo, bí ọmọbìnrin náà bá ń sọ ìtàn, ọkùnrin náà a máa fi ìka tọ ara ògiri.

"Ìwọ ò rí nǹkan mìíràn ju ibi tí òkúta méjì ti pàdé," ọmọbìnrin náà sọ fún un. Ọjọ́ yẹn ni "ẹ" di "ìwọ" láàárín wọn.

"Ibẹ̀ ni agbára ilé wà, ìfẹ́ mi."

Àwọn òkúta òkè àtẹ̀gùn náà jẹ́ èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ láyé ìsinsìnyí. Láti orí ìkejìlá ni ti àtijọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bíríkìlà fi irin dígà hú ìkejìlá sókè, ó rí ẹja kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ ìkẹtàlá, òṣùpá. Ó mọ ohun tó rí. Láyé àtijọ́, bíríkìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì tó ń fi sábẹ́ òkúta tó gbẹ́. Nígbà tó máa fi dé ogójì, àmì mọ́kànlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti kà. Ọ́fíìsì sì ti sọ pé kó kọ gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí pátákó fún àlejò.

Ó fi wọ́n han ọmọbìnrin náà.

"Ṣé ẹnì kan ò lè ní àmì mọ́kànlá ni?"

"Ó lè ní. Ṣùgbọ́n kò lè ní ọwọ́ mọ́kànlá. Ẹni tó ni ẹja yìí, ọwọ́ òsì ló ń lò. Wò ó."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bíríkìlà lọ bá Bàbá Onítàn láti tọrọ ọmọ. Bàbá jókòó sídìí fèrèsé, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìwọ lo ri ọmọ mi mọ́ símẹ́ńtì?"

"Èmi náà ni mo yọ ọ́, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tó bi í pé kí ló fẹ́ kọ sórí pátákó, bíríkìlà kò purọ́. Bàbá kọjú sí fèrèsé.

"Ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ìtàn yẹn. O wá tọrọ ọmọ mi, o sì pè mí ní òpùrọ́ nínú ilé mi."

"Mi ò pè yín bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Tí o bá kọ ọ́, má dé ẹnu ọ̀nà mi mọ́. Tí ọmọ mi bá tẹ̀ lé ọ, kò ní jẹ́ pẹ̀lú ìre tèmi."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà bá a lẹ́nu iṣẹ́. "Òkúta kan ló kù," ó sọ. "Tó o bá tò ó tán, ta ló máa tú u wò? Èmi ni bàbá mi ní, òun nìkan ni mo ní. Dákẹ́ nítorí mi."

Bíríkìlà gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Mo lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá sọ pé mo fẹ́ràn rẹ, wàá rántí pé mo mọ bí a ṣe ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ tí kò fi ní hàn."

Ọmọbìnrin náà lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò kí ara wọn. Ó ń mú àlejò kọjá lára rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá dé ibi "ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan," á fò ó kọjá.

Ọ́fíìsì ní kí bíríkìlà parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Dípò kó to òkúta ìkọkànlélógójì, òun àti ọkùnrin méjì dè é mọ́ pákó, wọ́n gbé e láti etí omi gun òkè, nítorí orúnkún Bàbá. Ìyá agbálẹ̀ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń làágùn. "Mi ò rí i rí," ó ní, "kí òkúta máa gun òkè lọ kí bàbá ìyàwó."

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò tíì kọ nǹkan kan, Màmá. Kí wọ́n wá fojú ara wọn wò ó."

Ìyá agbálẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà, ó sì fi tirẹ̀ kún un. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú gbogbo ayé wá wo òkúta, Bàbá Onítàn, ẹyọ kan ló wá ń bà yín lẹ́rù."

Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá dé ibi tí òkúta náà wà, ó gbára lé èjìká ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan àmì náà. Àtẹ́lẹwọ́ kékeré kan ni, ọ̀kan nínú mọ́kànlá náà.

"Kì í ṣe ẹnu bàbá mi ni mo ti gbọ́ ọ," ó sọ. "Èmi ni mo hun ún."

Ọmọbìnrin náà wò ó.

"Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ó ní kí n gbé òun lọ wo odò. Mo ní lọ́la, àlejò pọ̀ lónìí. Lọ́jọ́ kejì mo tún ní lọ́la. Àwọn àjèjì ni mò ń mú lọ wo odò náà. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sí ẹni tí mo máa gbé lọ mọ́." Ó tún fi ìka tọ àmì náà. "Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, àlejò kan bi mí pé ta ló kọ́ àtẹ̀gùn yìí. Mo wá fún ọkùnrin kan ní ohun tí èmi ò ṣe. Wọ́n sunkún, èmi náà sì rí àárín èèyàn sunkún sí. Láti ìgbà náà, òkè yìí ni mo máa ń dúró sí. Àwọn nìkan ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ."

"Bàbá," bíríkìlà sọ, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀, "tí ẹ bá ní kí n má kọ ọ́…"

"Kọ ọ́. Àwọn mọ́kànlá yìí náà níyàwó nílé."

"Ìtàn náà ńkọ́?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Má pa á tì. Sọ fún wọn pé bàbá rẹ ló hun ún, kó o sì sọ ìdí rẹ̀." Ó wá yíjú sí bíríkìlà. "Ọmọ mi máa sọ fún ọ lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ rí nǹkan. Ìgbà wo lo máa mú un lọ?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni, Bàbá."

Bàbá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé ọwọ́ eléruku náà.

Ọ́fíìsì ìgbéyàwó kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-ìṣọ́ aago ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, oṣù méjì lẹ́yìn náà. Tábìlì kan, bẹ́ńṣì méjì, obìnrin onígíláàsì ojú kan tó ka orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣì í. Ìyá agbálẹ̀ tẹ ìka rẹ̀ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọkọ ìyàwó ti fọwọ́ títí, eruku ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀, ìyàwó sì di ọwọ́ náà mú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọbìnrin náà gbé èjìká rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láti mú un lọ sílé. Bàbá kò gbà á.

"Ẹ máa lọ sílé yín. Mo ní ibi tí mò ń lọ."

Ó lọ dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ sórí àkọ́kọ́, ó sinmi, ó gbé e sórí ìkejì. Ìyàwó fẹ́ tẹ̀ lé e, ọkọ rẹ̀ sì rọra dá a dúró.

"Jẹ́ kí wọ́n lọ."

Wọ́n dúró lókè, wọ́n ń wò ó. Ọkùnrin arúgbó náà ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbi odò, lẹ́sẹẹsẹ, ó kọjú sí omi, kò sì wẹ̀yìn.