Ìlà Mẹ́rin-Mẹ́rin

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n bá òkú Bàbá Òtútù lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá òtútù tó ti fi ogún ọdún tọ́jú. Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti páálí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé ló wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ti há síbẹ̀. Òtútù ló pa á, dókítà ò sì fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Bèèrè-tún-bèèrè ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é lẹ́yìn, nítorí bí o bá sọ orúkọ rẹ fún un, á tún bi ọ́ bóyá orúkọ náà dá ọ lójú. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, àfi bíi pé ó ń bẹ̀rù kó má bù ú jẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti òkú náà. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú, èékánná rẹ̀ sì là wọnú ẹran. Lára ògiri, lókè orí rẹ̀ díẹ̀, bọ́tìnnì pupa kan wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá há. Wọ́n fi àga há ilẹ̀kùn kó má baà padé, ó sì kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Nígbà yẹn, ooru ìta ti wọlé tán, ọ̀gá ọlọ́pàá sì ti bọ́ kóòtù kọ́ apá.

Iléeṣẹ́ ńlá ni, oògùn ni wọ́n ń pín fún ilé ìwòsàn káàkiri. Láti ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n ti ń kó gbogbo iṣẹ́ wọn sórí ẹ̀rọ. Wọ́n ti kó fáìlì dànù, wọ́n ti yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn, káàdì ló kù. Ẹni tó darí àyípadà náà ni ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀rọ, ọkùnrin kan tó mọ́ tónítóní, tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ayétiyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kó má ní ayé ti yí.

Inú ọ́fíìsì rẹ̀, lójú ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ló ti fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ Ẹtì han ọ̀gá ọlọ́pàá. Ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, káàdì obìnrin tó jẹ́ igbákejì Bàbá Òtútù ló ti ilẹ̀kùn náà láti ìta. Ẹnikẹ́ni ò sì tẹ bọ́tìnnì.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ wa kì í purọ́," ó ní. "Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́, fóònù mi ló kọ́kọ́ ń dún."

"Ṣé èèyàn ò lè wọ inú ẹ̀rọ yìí kó yí nǹkan padà?"

"Ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń wọ ibẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá àgbà pàápàá ò mọ̀ ọ́n."

Bí ẹni ń fi ọkọ̀ tuntun yangàn ló ṣe sọ ọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kó bá òun tẹ ìwé ìwọ̀n òtútù yàrá náà jáde, láti ọjọ́ Ẹtì títí di ìsinsìnyí. Kò pẹ́ tí ìwé fi jáde, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé, tó túmọ̀ sí pé kò séwu. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ olùdarí máa jókòó. Bí ohun tí wọ́n rí bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé ètò náà lọ sí ilé ìkẹ́rùsí méjìlá yòókù, wọ́n á sì fi Ayétiyí ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, obìnrin kan tó ti rẹ̀ láti àárọ̀ kùtù, sọ pé Bàbá Òtútù ò fẹ́ràn nǹkan tuntun. Ó ní òun ti gbìyànjú títí kí bàbá náà àti Ayétiyí jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣebí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá bi í ìgbà tó dé yàrá òtútù kẹ́yìn, ojú tì í díẹ̀.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ìwé ń wá sórí tábìlì mi láràárọ̀. Bó bá ti jẹ́ àwọ̀ ewé, a máa ń kọjá lọ ni."

Obìnrin tí ẹ̀rọ dárúkọ ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àbúrò ni gbogbo iléeṣẹ́ ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni olóògbé ṣe ń pè é. Ọ̀ràn rẹ̀ kò dára: òun ni ipò Bàbá Òtútù kàn, wọ́n sì gbọ́ tí àwọn méjèèjì pariwo mọ́ ara wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Ó ní aago mẹ́rin ààbọ̀ lòun ti lọ sílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bá dúró ní kóòtù, ẹ̀wọ̀n gbére ló ń dúró dè é.

"Kí lẹ jà sí?" ọ̀gá ọlọ́pàá bi í.

"Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní yàrá náà ń ṣàìsàn, ìwé ń sọ pé ara rẹ̀ le. Lọ́jọ́ kan á gbóná, lọ́jọ́ kejì omi á dì níbẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn òtútù látijọ́ ò kúrò lápò wọn. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, wọ́n láwọn máa gbé e fún ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní ta ló máa gbà wọ́n gbọ́? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a."

Kò sí ìwé kékeré kankan lára òkú náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi í ẹni tó kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀. Àbúrò ní òun lòun ṣí i, òun figbe ta, Ayétiyí ló kọ́kọ́ sáré wọlé. Ó ya òun lẹ́nu, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó sínú ọkọ̀, ó ka ìwé aláwọ̀ ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kà á tán, ó padà sí àárọ̀ ọjọ́ náà, ó tún un kà. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ti mọ ẹni tó ṣe é, kò sì dùn mọ́ ọn.

Ní aago mẹ́rin, ó wọlé bá ìgbìmọ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ló yí tábìlì ká, Ayétiyí wà lórí ìdúró, ó ń ṣàlàyé bí ayé ṣe ti yí. Ọ̀gá ọlọ́pàá tọrọ gáfárà, ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì. Ó wá fi fóònù tirẹ̀ pe sájẹ́ǹtì rẹ̀ tó wà nínú yàrá òtútù nísàlẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́."

Fóònù orí tábìlì dún. Gbogbo wọn wò ó títí ó fi dákẹ́.

"Bọ́tìnnì náà ṣiṣẹ́," ọ̀gá ọlọ́pàá ní. "Bàbá yìí sì tẹ̀ ẹ́ títí èékánná rẹ̀ fi là. Àkọsílẹ̀ yín ní kò tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwé tẹ́ ẹ fún mi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ yìí, mo wà nínú yàrá yẹn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìwé yín kọ pé ìwọ̀n òtútù ibẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, bó ṣe yẹ kó wà. Aago mẹ́sàn-án, mò ń làágùn: mẹ́rin. Aago mẹ́wàá: mẹ́rin. Kò wọn nǹkan kan. Ẹnìkan ló ní kó máa kọ mẹ́rin. Ẹni tó lè pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un, òun náà ló lè pa ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì rẹ́, tó sì lè kọ orúkọ ẹni tó wù ú sí ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀."

"Ẹ ò rí ẹnikẹ́ni tó rí mi níbẹ̀," Ayétiyí ní.

"Ẹ ò nílò kí ẹ dé ibẹ̀. Láti orí àga yín lẹ ti lè tì í. Àṣìṣe yín ni pé ẹ fọ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ẹ gbàgbé àárọ̀ òní. Ó ti mọ́ yín lára pé ẹnikẹ́ni níbí kì í ka ìwé yín dópin."

Ó ní kí wọ́n ṣí báàgì rẹ̀. Ìwé kékeré náà wà níbẹ̀, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, gíláàsì Bàbá Òtútù sì wà láàárín rẹ̀.

Ayétiyí jókòó. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù ló bàjẹ́ ní oṣù kẹta tí wọ́n gbé e dé yàrá náà. Òun ti ṣèlérí fún ìgbìmọ̀, òun ò lè sọ fún wọn pé kò ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun fẹ́ kí ẹ̀rọ fi máa kọ mẹ́rin, kí tuntun tó dé. Ó di oṣù mẹ́rin.

"Mo tì í mọ́lé kó lè fún mi níwèé náà ni," ó ní. "Wákàtí kan ni mo ní lọ́kàn. Nígbà tó di wákàtí kejì, mo mọ̀ pé bí mo bá ṣí i, á sọ. Fóònù ń dún. Mo ń kà á."

"Ẹ kà á dé mélòó?"

"Mọ́kànlélógójì."

Wọ́n mú un jáde. Ọ̀gá àgbà bèèrè lóhùn ìsàlẹ̀ pé kí wá ni kí àwọn ṣe sí abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́rin tó ti wọ ara àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ń wo tábìlì.

Ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló lọ ṣí ilẹ̀kùn fún Àbúrò. Ó sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe lọ fún un, ó ní ó ti bọ́, kó máa lọ sílé. Obìnrin náà dúpẹ́, ó mú gèlè rẹ̀ nílẹ̀, ó sì dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi tó kú yìí, ṣé wọ́n pe èèyàn kí wọ́n tó lọ?"

Ó ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá bíi kó purọ́. Ọ̀rọ̀ òkú ni, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ṣùgbọ́n irọ́ tó ti rí lọ́jọ́ náà ti tó o. Ó ní ìgbà mọ́kànlélógójì ni.

Àbúrò padà jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Irin kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó bá há sínú lè fi já a. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ẹ̀rọ ní kí n bá òun bẹ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bẹ̀ wọ́n, sà. Mo ní bọ́tìnnì ti dé. Èmi ni mo gbé irin náà jáde."

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní kó dìde, kí àwọn gbé e dé ilé, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Àbúrò ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó síbẹ̀ díẹ̀ sí i.