Ṣọ́bìrì Énọ́sì

Kí la ti mọ̀ nípa ihò tí ènìyàn gbẹ́ sílẹ̀ nítorí wúrà? A mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ ló ni ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ àìsàn ńkọ́, tí ihò rẹ̀ sì ṣófo?

Ní Ibùdó Ẹsẹ̀ Ìbaaka, ní òkè Kalifọ́níà, ní ọdún kejì tí ìròyìn wúrà gbòde, àwọn awakùsà ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Níwọ̀n ìgbà tí irinṣẹ́ rẹ bá wà nínú ihò, tìrẹ ni, ì báà jẹ́ pé orí àkéte lo wà. Bí oòrùn bá wọ̀ tí kò sí irinṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sí i ló ni ín.

Lémúẹ́lì ló kọ òfin náà sílẹ̀. Ọmọ aránbàtà ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Nítorí pé òun nìkan ni ìkọ̀wé rẹ̀ ṣeé kà, Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Énọ́sì, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ni ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n jọ la aginjù kọjá, wọ́n jọ ń sùn nínú àgọ́ kan, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀. Kálukú ló ní ihò tirẹ̀. Ti Énọ́sì ló ń so èso: ó ti kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀ pé kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́, kí òun àtàwọn ọmọbìnrin méjèèjì máa bọ̀.

Ibà dá Énọ́sì dùbúlẹ̀. Ó fi ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ihò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àlejò kan kú sí ẹ̀bá ọ̀nà. Èèkù ṣọ́bìrì Lémúẹ́lì ti ṣẹ́, ló bá lọ mú ti Énọ́sì láti fi gbẹ́ sàréè. Òjò lé e wá sílé. Ó fi ṣọ́bìrì ti ara àgọ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakùsà kan tó ń jẹ́ Tọ́pà ti wà nínú ihò Énọ́sì pẹ̀lú dígà rẹ̀.

“Akọ̀wé, o ò jí ire bí? Ìwọ lo kọ òfin, èmi kàn kà á ni.”

“Tọ́pà, o ò mọ̀wé kà.”

“Wọ́n kà á fún mi, mo sì gbádùn rẹ̀!”

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò fẹ́ràn Tọ́pà.

Ogójì ọkùnrin pé jọ lábẹ́ igi ńlá, pẹ̀lú ẹ̀wù pupa àti bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Wọ́n fi kúbùsù gbé Énọ́sì wá. Bàbá arúgbó kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun rí ló jókòó sí ipò adájọ́.

“Akọ̀wé, ìwọ lò ń bá a gbé. Nígbà tí oòrùn wọ̀ lánàá, ṣé irinṣẹ́ wà nínú ihò?”

Énọ́sì ń wò ó. Lémúẹ́lì mọ̀ pé bí òun bá ní Tọ́pà ló ju ṣọ́bìrì náà síta, gbogbo wọn ni yóò gbà á gbọ́.

“Kò sí níbẹ̀, bàbá. Èmi ni mo mú un kúrò.”

“Nítorí kí ni?”

“Mo fi gbẹ́ sàréè.”

Énọ́sì ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

“Àbúrò, o ò bá ti fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ.”

Wọ́n na ọwọ́ sókè. Tọ́pà ló gba ihò.

Lémúẹ́lì retí kí ojú ti òun, kò tì í. Ó retí ẹkún, kò wá. Inú rẹ̀ kàn rí bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gbé ẹjọ́ wá bá a. “Ẹni tí kò purọ́ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé tèmi ni yóò wá purọ́ sí?” Ó ra ìwé òfin, ó kà á, ó di lọ́yà, ó ń wọ ẹ̀wù kóòtù dúdú. Wọ́n dìbò fún un, ó di aṣòfin ní Sakaraméńtò, olú ìlú Kalifọ́níà. Gbogbo ìgbà ìbò ni wọ́n ń sọ ìtàn ṣọ́bìrì lórí pèpéle, tí ogunlọ́gọ̀ ń pàtẹ́wọ́. Lémúẹ́lì a máa dúró níbẹ̀ bí òpó. Ara Énọ́sì yá, àmọ́ kò wa ilẹ̀ mọ́: ó ń fi ìbaaka kó ìyẹ̀fun. Ìyàwó rẹ̀ kò wá. Nígbà tó yá, lẹ́tà rẹ̀ náà kò wá mọ́.

Ní ọdún kẹrìnlá lẹ́yìn ìdájọ́ náà, Lémúẹ́lì gbé àbá kan kalẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ihò aláìsàn, irinṣẹ́ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Ilé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Ó mú ìwé náà lọ bá Énọ́sì ní ilé ìbaaka rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́.”

“Aṣòfin, ẹ kú ìrìn o.”

Ó ka òfin náà fún un. Énọ́sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ìbaaka lẹ́yìn.

“Ẹ tún un kà.”

Ó tún un kà.

“Ó dáa gan-an. Ta ni wọ́n ṣe é fún?”

“Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣàìsàn, ẹ̀gbọ́n.”

“Ara mi ti yá, aṣòfin.”

Ó fa ìbaaka rẹ̀ jáde lọ. Lémúẹ́lì dúró sórí koríko gbígbẹ, ó ń dúró de ohun tí yóò dùn ún. Nígbà tí kò dé, ó dé fìlà rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìwọ tó kà á dé ibí, wá òfin kan tí ẹ ń tẹ̀ lé ní àdúgbò rẹ. Béèrè lọ́wọ́ àgbà ibẹ̀: ta ló kọ́kọ́ pàdánù nǹkan kí òfin yìí tó wà? Bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, lọ kí i. Má mú ìwé kankan dání.