Ohun tí Fọláhàn Gbé Mì

Òjò ń pa Wúràolúwa bọ̀ láti Fádèyí, bẹ́ẹ̀ gèlè orí rẹ̀ ló fi wé kọ̀ǹpútà tó gbé mọ́yà. Bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù tí Fọláhàn ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ṣómólú tí omi ń kán nínú irun rẹ̀, ká má parọ́, ọkàn ọmọkùnrin náà ti lọ.

Kọ̀ǹpútà tí kò bá jí mọ́, fúláàṣì tó kó ètò ẹ̀rọ sí ni Fọláhàn fi ń jí i. Ti Wúrà kò tiẹ̀ ka fúláàṣì sí. Fọláhàn kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ láìbéèrè: irú èwo ni, ọdún wo ni, ihò wo lẹ ki fúláàṣì bọ̀, kí lẹ rí lójú rẹ̀ kẹ́yìn? Irọ́ làwọn oníbàárà máa ń pa, wọ́n á ní ó ṣàdédé kú ni.

Wúrà ní, "Tíì ni mo dà sí i níwájú, bọ̀dá. Mo tún gbá a létí."

Fọláhàn rẹ́rìn-ín títí. Ihò iwájú ló ti bàjẹ́. Ó ki fúláàṣì bọ ti ẹ̀yìn, ẹ̀rọ jí.

Ìfẹ́ dé. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja yíyan ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ni Wúrà ti sọ fún un pé àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa àbúrò òun, pé AS lẹ̀jẹ̀ òun, òun kò sì ní fẹ́ AS láéláé. AS ni Fọláhàn, ó sì mọ̀. Ẹni tó ń bi gbogbo ayé léèrè wá gbé ìdáhùn tirẹ̀ mì. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la di ọdún, Wúrà sì gbà pé AA ni.

Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Moshood, ọ̀rẹ́ Fọláhàn tó ń ṣiṣẹ́ níbi àyẹ̀wò, ní kò sí wàhálà, òun á kọ AA fún un, kó ṣáà panu mọ́. Fọláhàn gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ gba èsì, inú Wúrà ń dùn. Ó ní, "Èèyàn mi, n kò ní máa sáré gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn bíi màmá mi."

Ara Fọláhàn kò gbà á mọ́. "Wúrà, AS lèmi náà. Mo ti mọ̀ látìgbà Ìlàjẹ."

Wúrà kò pariwo. Ó jókòó, ó sunkún, Fọláhàn náà sunkún. Fọláhàn bẹ̀ ẹ́ pé Ọlọ́run lè ṣe é. Wúrà ní Ọlọ́run yẹn náà ni màmá òun ké pè.

Ó bọ́ òrùka, ó fi sí i lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ràn rẹ gan-an," ló wí. "O ṣeun tí o kò jẹ́ kí n fẹ́ ọ."

Ó sì bá ọ̀nà Bàrígà lọ.