Mo-ti-mọ̀ àti Ìrẹsì Tó Yẹ Kó Kú

"Mo ti mọ̀, àǹtí mi, mo ti mọ̀!"

Ohun tí ọmọ náà máa ń sọ nìyẹn kí èèyàn tó la ẹnu tán. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ilé fi sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré! Kò sí ohun tí kò mọ̀ lábẹ́ ọ̀run, àfi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Inú ilé onídígí tí wọ́n ti ń dán irúgbìn wò ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀, fẹ́ rin ìrìn àjò ọjọ́ márùn-ún. Ogójì ife tí wọ́n gbin ìrẹsì sí ló wà lórí tábìlì, ogún lápá ọ̀tún, ogún lápá òsì.

"Fetí sílẹ̀ o," ni àǹtí wí. "Sẹ́ẹ̀lì ìrẹsì ní awọ tínrín tó yí i ká. Àwọn purotéènì kan wà nínú awọ yẹn tó dà bí aṣọ́nà. Wọ́n ń jẹ́ kí omi wọlé, wọ́n sì ń ti iyọ̀ síta. Aṣọ́nà àwọn tọ̀tún pé. Ti àwọn tòsì…"

"Mo ti mọ̀! Kí n sáà máa bomi rin wọ́n."

Àǹtí wò ó títí. "Omi iyọ̀ inú àgbá búlúù ni kó o máa bù fún gbogbo wọn láràárọ̀. Ohun tó o bá rí ni kó o kọ sínú ìwé yìí. Bó o bá ṣe é dáadáa, èmi fúnra mi ni màá kọ lẹ́tà ẹ̀rí tí iléèwé sáyẹ́ǹsì tó o fẹ́ wọ̀ ní kó o mú wá."

Lẹ́tà náà gan-an ni Mo-ti-mọ̀ ń wá lójú méjèèjì. Bí kò bá sí lẹ́tà, kò sí iléèwé.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ewé àwọn tòsì ti ká, ṣóńṣó wọn ti gbẹ. Mo-ti-mọ̀ káwọ́ lérí. Wọ́n á ní òun ló pa wọ́n!

Bàbá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ rí i. Ó ní, "Ọmọ mi, ohun tó o rí ni kó o kọ. Bí kò bá yé ọ, pe àǹtí rẹ lórí fóònù."

Mo-ti-mọ̀ yínmú. "Bàbá, ẹ máa gbálẹ̀ yín lọ jàre. Kí lẹ mọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì?"

Bàbá gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ta ni yóò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀?

Ni Mo-ti-mọ̀ bá gbé ike, ó di ìdí ẹ̀rọ omi. Ó da omi ẹ̀rọ sí àwọn tòsì títí tó fi ń ṣàn gba ìdí ife jáde. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún. Ewé bá tún nà. Ọ̀mọ̀wé wa wá kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Gbogbo wọn wà ní àlàáfíà." Àlàáfíà! Bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà.

Àǹtí dé, ó ka ìwé, ojú rẹ̀ yí padà. Ó lọ síbi tábìlì. Nínú àwọn ife tọ̀tún, iyọ̀ ti gbẹ sójú erùpẹ̀, ó funfun. Nínú àwọn tòsì, erùpẹ̀ dúdú, ó mọ́ tónítóní.

"Omi wo lo bù fún ìwọ̀nyí?"

"Omi… omi inú àgbá ni."

"Iyọ̀ rẹ̀ wá dà?"

Mo-ti-mọ̀ bú sẹ́kún. "Wọ́n fẹ́ kú, àǹtí mi. Mo gbà wọ́n là ni."

"Ta ló ní kó o gbà wọ́n là? Aṣọ́nà wọn ti bàjẹ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kí iyọ̀ pa wọ́n! Ikú wọn ni à bá fi mọ̀ dájú pé aṣọ́nà ló ń gba àwọn tọ̀tún là. Àwọn àgbẹ̀ tí omi òkun ti ba ilẹ̀ wọn jẹ́ ń dúró de irúgbìn yìí. Odidi àkókò ìgbìn kan lo gbé sọnù fún wọn yìí!"

"Lẹ́tà mi ńkọ́, mà?"

Ojú ò tiẹ̀ tì í!

"Kí n kọ kí ni síbẹ̀? Pé o mọ irọ́ ọ́ kọ?"

Ẹ̀yìn ilé ni bàbá ti bá a níbi tó ti ń sunkún. Kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún rárá. "Ṣé o rò pé iṣẹ́ aṣọ́nà ni kó ti ilẹ̀kùn pa ni? Ìrẹsì tí kò bá jẹ́ kí ohunkóhun wọlé, òǹgbẹ ni yóò pa á. Aṣọ́nà gidi mọ ohun tó yẹ kó wọlé. Ìwọ tilẹ̀kùn mọ́ ìmọ̀ràn, o wá ṣílẹ̀kùn fún irọ́."

Ẹnu ya ọmọ náà. "Bàbá, ta ló kọ́ yín?"

"Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbálẹ̀ níbi tí àǹtí rẹ ti ń ṣàlàyé rẹ̀. Èmi kì í sọ pé mo ti mọ̀."

Iléèwé sáyẹ́ǹsì gba àwọn ọmọ mìíràn wọlé, wọ́n sì tilẹ̀kùn. Àǹtí tún gbin ogójì ife mìíràn. Mo-ti-mọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi jẹ́ kó tún bomi rin wọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Àwọn tòsì ń kú. Mẹ́ta tètè kú ṣáájú àwọn tó kù. N ò mọ ìdí rẹ̀."

Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pòṣé, ó fa àga kan sí i. "Jókòó. Màá ṣàlàyé."

Ó jókòó, ó sì panu mọ́. "N ò mọ̀" kò pa ẹnikẹ́ni rí o, ẹ̀yin ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá fi irọ́ bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ.