Omi Kàǹga Tó Pa Iná Bébà

Omi kàǹga wa ní Oju Ore mọ́ gaara. Òórùn díẹ̀ wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun géètì ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Mo wá bá Susanna ọmọ mi wẹ Treasure, ọmọ tuntun rẹ̀, ni. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí mo bá ń wẹ ọmọ, ariwo mi ju ti ọmọ lọ. Tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, màá fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lómi.

Láàárọ̀ Sátidé, Treasure bì. Ó tún bì. Èébì náà ń rùn bíi tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà.

"Màámi, kí lẹ fún ọmọ mi?"

Susanna ló kígbe bẹ́ẹ̀. Naimat, ayálégbé tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kẹ́míkà ní yunifásítì, ló sáré wọlé.

"Mama, omi wo lẹ rọ ọ́?"

"Omi kàǹga ni. Mo fi álọ́ọ̀mù sí i, mo sì sè é títí ó fi hó. Kòkòrò wo ló tún kù níbẹ̀?"

"Kì í ṣe kòkòrò ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ dúró, ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà."

Ó mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń dán omi wò wá, àti tọ́ọ̀ṣì kékeré tí iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Ó ní ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, la bá kó sábẹ́ ìró mi. Ìdí mi yìí ló ń jẹ́ kí n ra ìró tó gba èèyàn mẹ́ta.

Ó ki bébà kan bọ píọ̀ wọ́tà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Bébà náà ń tàn bíi tanátaná. Ó ki èkejì bọ omi kàǹga. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọra ṣú, ó kú.

Mo ṣí ìró kúrò lórí wa.

"Kẹ́míkà bíi tínà máa ń pa ìmọ́lẹ̀ yìí," Naimat sọ jẹ́jẹ́. "Bóyá ibi tí àwọn tó ń kun géètì ti ń fọ dúrọ́ọ̀mù ọ̀dà lẹ́yìn ọgbà ló ti ń jò wọlẹ̀. Àyẹ̀wò gidi ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Álọ́ọ̀mù ń mú ìdọ̀tí sílẹ̀, iná ń pa kòkòrò. Ẹ ò lè fọkàn tán ọ̀kankan nínú wọn lórí tínà."

Nígbà tá a gbé e dé ọsibítù, dókítà dá wa dúró, ó ní ká máa ṣọ́ èémí ọmọ. Mo jókòó tì í, mo ń ka èémí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó gba ọmú padà. Títí di òní, tó bá ń sùn, etí mi ń bẹ nímú rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àgbà ẹgbẹ́ mi, ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá ti tó o. Ẹ má rọ ọ́ lómi rárá. Bí omi kàǹga yín bá ń rùn bí epo tàbí tínà, ẹ má mu ún, ẹ má fi se oúnjẹ, ẹ má fi wẹ ọmọ. Ẹ bo kàǹga náà, kí ẹ pe àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kìlọ̀ fún aládùúgbò, torí omi abẹ́ ilẹ̀ ò mọ ààlà ọgbà.

Ojú èmi náà rí i pé ó mọ́ gaara. Ẹ má gba ojú gbọ́.